Mo Gbé E Lọ Bó Ṣe Wà: Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Tí Mo Ṣe ní Kóòtù Òkè Mápó

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá bá mi níwájú ilé ní Kúdẹtì nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kí èèyàn kọ́, ẹ jókòó dáadáa lónìí. Ìwọ tí o fẹ́ ṣe tíṣà, ìwọ tí o fẹ́ ṣe akọ̀wé, àti ìwọ tí o ní mọ́tò nìkan lo fẹ́ wà, tí ìyá rẹ ń sunkún nítorí rẹ̀, gbogbo yín lọ̀rọ̀ kàn. Mi ò ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tèmi nìkan ni màá ròyìn, kí kálukú wo èyí tó bá a mu níbẹ̀.

Ẹnu ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun láyé mi. Kì í ṣe ẹnu olófòófó o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ ni mí. Òyìnbó á sọ tiẹ̀, màá gbé e fún ará Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn á sọ tiẹ̀, màá gbé e fún òyìnbó. Àárín wọn ni mo wà títí irun mi fi funfun. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi dé egungun, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan wà tí mo rò pé yóò tú mọ́ mi lórí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Iléèwé ìjọ ní Kúdẹtì níbí ni mo ti kọ́ ìwé. Bàbá mi fẹ́ kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ, ìyá mi fẹ́ kí n máa bá òun ru aṣọ lọ sọ́jà. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn nígbà náà, òyìnbó ń pọ̀ sí i, ẹjọ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Ògbufọ̀ tó wà ní kóòtù ní òun ń wá ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́. Wọ́n mú mi lọ bá a, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó jẹ iyán, kò tó jẹ ẹran.

Bàbá Mósè lorúkọ ọ̀gá mi yìí. Bẹẹrẹ ló ń gbé. Èèyàn kúkúrú ni, pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ní fìlà òyìnbó funfun kan báyìí tí kì í ṣí lórí, òjò ì báà máa rọ̀, oòrùn ì báà máa ràn. Àwọn ọmọ Bẹẹrẹ máa ń sọ pé ó ń dé e sùn. Mi ò bi í rí, mi ò láyà ẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yọ pákò lẹ́nu, ó ní, “Àkànní, ṣé o ní ẹnu?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O ò ní. Láti òní lọ, o ò ní ẹnu. Ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lo ní. Tó bá bú mi, bú mi. Tó bá ṣàdúrà fún mi, ṣàdúrà fún mi. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Gbé e lọ bó ṣe wà. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Irọ́ lò ń pa, o ò tíì gbọ́. Ó máa yé ọ tó bá yá.” Ó dá pákò padà sẹ́nu.

Ẹ gbọ́ bó ṣe kọ́ mi o. Kò fún mi ní ìwé kankan. Ọjà'ba ló ń rán mi lọ láàárọ̀, níbi tí àwọn ìyá aláṣọ àti àwọn ìyá onírú ti máa ń bá ara wọn jà nítorí ààyè ìpàtẹ. Mo gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ ìjà náà tán, kí n wá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi kí n ṣe ti ìyá onírú fún un, kí n ṣe ti ìyá aláṣọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìbínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ìyá onírú sọ fún èkejì pé ojú rẹ̀ dà bí ojú ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí gàrí jẹ. Mo ń gbé e fún ọ̀gá mi, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó gbá mi lórí, gbì!

Ó ní, “Ṣé ìyá náà rẹ́rìn-ín?”

“Rárá, sà. Inú ń bí i.”

“Ẹ̀rín wo lò ń rín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? O ti fi kún un. Padà lọ sọ́jà.”

Ìrìn yẹn dùn mí ju orí tó gbá lọ, nítorí nígbà tí mo fi débẹ̀ wọ́n ti parí ìjà, àwọn méjèèjì ti ń jẹ ẹ̀kọ nínú abọ́ kan náà. Mo jókòó tì wọ́n títí di ọ̀sán kí wọ́n tó tún bínú sí ara wọn.

Nígbà tó rí i pé mo ti lè bínú láìfi kún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni èyí tó jẹ mọ́ òótọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dé kóòtù tí kì í pariwo pé olóòótọ́ lòun, àti pé bí àwa ṣe ní orúkọ fún oríṣiríṣi iṣu ni òyìnbó ṣe ní orúkọ fún oríṣiríṣi olóòótọ́. Ògbufọ̀ tó bá pe gbogbo wọn ní nǹkan kan náà, ọ̀lẹ ni.

Ó ní “honest” ni ìyá gbogbo wọn: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ náà mọ́. “Sincere” ni aláìlábòsí, ẹni tí òótọ́ inú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí tẹnu. “Candid” dà bí omi inú ìkòkò tó tòrò, tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Frank” ni ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kalẹ̀ tó ní kí o wọlé wá wò ó. “Straightforward” ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà bí ọ̀nà tí kò yà síbì kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo ní, “Sà, ọ̀nà yẹn ò sí ní Ìbàdàn. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ìgbà wo lẹ ò ní yà gba ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì?”

Ó wò mí. Ó yọ pákò. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín ọ̀gá mi nìyẹn, inú mi sì dùn títí di ọjọ́ kejì.

Tó bá ti fún mi ní ọ̀rọ̀ kan, mo gbọ́dọ̀ rìn káàkiri ìlú títí màá fi rí ẹni tó jọ ọ́. “Blunt” ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, nítorí ọ̀bẹ tí kò mú ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Báwo ni ọ̀bẹ kíkú ṣe kan olóòótọ́? Mo rìn, mo rìn, mo dé Bẹ́yẹrúnkà, mo bá bàbá kan tó ń rán fìlà. Oníbàárà kan dé ọ̀kan nínú àwọn fìlà náà, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, “Ẹ wò ó, ṣé ó bá mi mu?” Bàbá náà ò tiẹ̀ gbójú sókè lára abẹ́rẹ́. Ó ní, “Fìlà yẹn dáa. Orí yín ni ò dáa.”

Mo sáré dé Bẹẹrẹ. “Sà, mo ti rí blunt!” Mo ròyìn rẹ̀ fún un, mi ò sì rẹ́rìn-ín, nítorí bàbá aránfìlà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní ẹni tí àwa ń sọ pé ó sọ ojú abẹ níkòó, òun ni òyìnbó ń fi wé ọ̀bẹ tí kò mú. Abẹ tiwa mú, ọ̀bẹ tiwọn kú, síbẹ̀ èèyàn kan náà ni. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ náà dùn?

Ó wá sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ yẹn tí mi ò kà sí nígbà náà. Ó ní, “Òyìnbó tó bá fẹ́ ṣe frank, á kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Blunt kì í tọrọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n honest, kò sẹ́ni tó lè fún ọ láàyè rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ebi ló ń pa mí.

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Wọn ò tíì kọ́ ilé ńlá olópòó tó wà lórí òkè Mápó báyìí. Kóòtù kékeré kan la ní nítòsí ibẹ̀, páànù lórí, bẹ́ńṣì nísàlẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń dájọ́ níbẹ̀, Onírùngbọ̀n ni gbogbo ìlú ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú, sùúrù ni kò ní. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́nu ará Ìbàdàn!

Ìyá kan wá láti Yemetu nígbà kan. Onírùngbọ̀n ní kí n bi í bóyá adìyẹ tí wọ́n mú wá ni adìyẹ rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó kí òyìnbó, ó kí ìyàwó òyìnbó tí kò tíì rí rí, ó kí wọn kú ewu ọ̀nà òkun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sin adìyẹ nínú agbo ilé wọn. Mo ń gbé e lọ bó ṣe wà. Tíì òyìnbó tutù sínú ife. Ó lu tábìlì, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Mo gbé e fún ìyá, tòun ti lílù tábìlì. Ìyá wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ náà ni mò ń bọ̀.” Adìyẹ fúnra rẹ̀ ti sùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọjọ́ tí mo wí.

Bàbá Mósè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sílé. Kò sọ́jọ́ tí kò ní wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá, fìlà funfun lórí, pákò lẹ́nu, tí yóò máa ṣọ́ mi. Mò ń bẹ̀rù bẹ́ńṣì ẹ̀yìn yẹn ju tábìlì òyìnbó lọ.

Wọ́n mú Làmídì wọlé. Ahunṣọ ni, ọmọ Bẹ́yẹrúnkà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Bàbá Súlè là ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá yìí, òun náà ló sì pè é lẹ́jọ́. Ó ní Làmídì sun àká àgbàdo òun lóko. Ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ti jà lọ́jọ́ tó ṣáájú: Làmídì ní òun fẹ́ gbájú mọ́ aṣọ híhun, òun ò ní máa lọ sóko mọ́, nítorí òun fẹ́ gbéyàwó. Ní Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti Ràfátù. Ràfátù wà ní kóòtù, òun àti ìyá Làmídì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Onírùngbọ̀n ní, “Bi í. Ṣé òun ló sun àká náà?”

Mo bi í. Làmídì ò wo òyìnbó rárá. Ó yíjú sí Bàbá Súlè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kóòtù, ó ní, “Bàbá mi kì í purọ́. Tí wọ́n bá ní èmi ni, èmi náà ni. Kí wọ́n má bínú sí mi. Kí wọ́n forí jì mí.”

Gbogbo kóòtù mi orí. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ rè é.” Ìyá rẹ̀ nu ojú, ìdùnnú ló sì ń nù. Mo rí i tí ojú Bàbá Súlè rọ̀. Ó hú ikọ́, ó tún agbádá ṣe léjìká. Gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. Yóò bá a wí dáadáa, àwọn àgbà yóò bá a bẹ̀ ẹ́, yóò ní kó dìde, wọn yóò sì jọ lọ sílé. Nítorí ìyẹn ló ṣe wá sí kóòtù. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tó ju òun lọ bá òun bá ọmọ náà wí ni.

Èmi náà ṣe iṣẹ́ mi. Mo gbé e fún òyìnbó bó ṣe wà: bí bàbá òun bá ní òun ni, òun ni.

Ojú Onírùngbọ̀n tàn yòò! Ó mú kálàmù. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé Ìbàdàn, ẹni àkọ́kọ́ tó dá òun lóhùn “straightforward” nìyí. Ó yin Làmídì. Ó ní nítorí pé ó jẹ́wọ́, òun yóò dín ìyà rẹ̀ kù fún un. Ó wá dá ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ fún un, pẹ̀lú fífọ́ òkúta.

Mo gbé e fún wọn ní Yorùbá.

“Ẹ̀wọ̀n kẹ̀?” Bàbá Súlè ló pariwo. “Ta ló sọ ti ẹ̀wọ̀n? Wọ́láhì, mo ti forí jì í! Làmídì, dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé!”

Onírùngbọ̀n ní kí n sọ fún un pé ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ẹjọ́ ọba.

“Ọba wo? Ọba ló ni àká ni? Àgbàdo ọba ló jó?”

Ọlọ́pàá ti di Làmídì lápá mú. Ràfátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè sunkún. Ìyá Làmídì wá dojú kọ mí, èmi ògbufọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, kí lo sọ fún òyìnbó?”

Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ni mo sọ. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lọ tààrà, ó sì dé ọ̀hún ní irọ́. Mo bojú wẹ̀yìn wo Bàbá Mósè. Kò jẹ pákò mọ́. Ó tẹ orí ba, fìlà funfun nìkan ni mò ń rí. Tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ mi wà, ọmọ yìí lọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tó ní ẹnu ni mí nìyẹn, òyìnbó á lé mi, ọ̀gá mi á sì kọ̀ mí lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tàn yín.

Mo ní lédè Gẹ̀ẹ́sì, “Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe frank.”

Onírùngbọ̀n gbójú sókè bí ẹni pé tábìlì ló sọ̀rọ̀. “Ọ̀rọ̀ ta nìyẹn?”

“Tèmi ni, sà.”

“O ní ọ̀rọ̀ tìrẹ ní kóòtù yìí?”

“Mi ò ní, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò tíì dá yín lóhùn. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ni. Nínú ilé wa, ọmọ kì í sọ lójú gbogbo èèyàn pé bàbá òun parọ́. Ó sàn fún un kó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó jókòó síbí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀, sà.”

Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ó ní tí mo bá tan òun, èmi àti ọmọ náà la jọ máa fọ́ òkúta. Ó wá yíjú sí Làmídì. Ó ní, “Báwo wá ni èèyàn ṣe ń rí òótọ́ nínú ilé yín?”

Mo ní, “Ẹ bi bàbá, sà. Òun nìkan ló lè sọ ọ́ láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í bóyá ó rí ọmọ náà níbẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó tíì bi í! Mo bi í. Bàbá Súlè ní ṣé ẹlòmíì ló máa ṣe é ni. Mo tún bi í. Ó ní ọmọ ayé òde òní ò gbọ́ràn. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ò sì lọ sókè, nítorí ti òyìnbó ò lọ sókè. Ó wo Làmídì, ó wo ọwọ́ ọlọ́pàá lápá Làmídì. Bàbá Súlè wá ṣí fìlà lórí. Àgbàlagbà, olórí agbo ilé, ó ṣí fìlà lójú gbogbo Ìbàdàn.

Ó ní, “Mi ò rí i. Èmi ni mo sun iṣu jẹ lábẹ́ àká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ẹyín iná, mi ò dúró wò ó bóyá ó kú. Ìgbà tí wọ́n wá ké sí mi pé àká ń jó, ojú tì mí láti sọ pé ọwọ́ mi ni. Ìjà àná sì wà nílẹ̀. Èmi ni mo jó àká mi. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Mo gbé e lọ bó ṣe wà. Onírùngbọ̀n fi kálàmù sílẹ̀. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní ohun tí bàbá yìí sọ, “blunt” ni.

Ohùn kan dáhùn látẹ̀yìn kóòtù, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete. “Honest, sà.”

Bàbá Mósè ni. Ó ti dìde. Ẹni tí kò ní ẹnu láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́! Òyìnbó wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní kí ọlọ́pàá tú Làmídì sílẹ̀.

Háà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ bá ti wà níbẹ̀! “Alihamudulilahi” gba gbogbo òkè Mápó kan. Ràfátù sáré jáde láìwọ bàtà. Bàbá Súlè gbé Làmídì dìde, ó sì fi fìlà ara rẹ̀ dé e lórí. Wọ́n jó láti orí òkè dé Bẹ́yẹrúnkà, ìyá Làmídì ló ń lé orin, ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ bá wọn gbè é dé ìdajì ọ̀nà. Ní Jímọ̀ọ̀, wọ́n so yìgì. Èmi ọmọ ìjọ Kúdẹtì ni wọ́n fi sí àyè ọlá láàárín àwọn àlùfáà, mo sì jẹ ẹran tí owó oṣù mi ò lè rà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ẹjọ́ yẹn, nígbà tí èrò túká, èmi àti ọ̀gá mi la jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba. Mò ń retí kó gbá mi lórí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí àwọn onírú kó tó dúró. Ó ní, “Irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní kóòtù yẹn. Mo gbé e lọ bó ṣe wà.” Kò sọ iye wọn, mi ò sì bi í. Ó ṣí fìlà funfun náà. Orí rẹ̀ pá kodoro, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ó fi dé mi. Fìlà náà tóbi fún mi, ó bò mí létí, mo sì dé e bẹ́ẹ̀ dé ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun èlò iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ tàípù dé, ó ń ta pá-pá-pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní láti kọ́ bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ kó lè bá mi. Lọ́yà dé pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú, ọ̀rọ̀ gígùn wọn ń rẹ mí ju ti ìyá Yemetu lọ, nítorí ìyá Yemetu ń bọ̀ síbì kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń pọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, wọ́n á máa tún ti èmi ògbufọ̀ ṣe látorí bẹ́ńṣì. Inú mi ń dùn sí wọn, ó kàn ń ṣe mí bíi kí n gbá wọn lórí. Ohun kan ni èmi náà yí padà: tí ọmọdé bá ti dọ̀bálẹ̀ ní kóòtù, mo máa ń sọ fún òyìnbó ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ náà jẹ́, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tó lé mi nítorí ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ti kọ́ ilé olópòó sórí òkè. Ajẹ́lẹ̀ tuntun kan, ọ̀dọ́, ló dìde láti sọ̀rọ̀ nípa mi. Èrò kún inú, ó kún ìta. Ó ní ọkùnrin yìí jẹ́ honest, ó jẹ́ frank, ó jẹ́ candid, ó jẹ́ straightforward, tó bá sì pọn dandan, ó ń jẹ́ blunt. Gbogbo iṣu Bàbá Mósè ló kó kalẹ̀! Ó wá dákẹ́, ó ń wò mí. Gbogbo èrò ń wò mí. Ẹ wo wàhálà. Ta ló tún fẹ́ gbé e fún wọn bí kì í bá ṣe èmi? Ojú tì mí. Mo fà á kúrú, mo ní, “Wọ́n ní mo kú iṣẹ́.”

Ẹnì kan figbe ta láàárín èrò. “Ó yọ níbẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, ó yọ níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ òyìnbó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ!”

Làmídì ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, Ràfátù jókòó tì í, àwọn ọmọ wọn kún bẹ́ńṣì kan. Èrò rẹ́rìn-ín títí. Ó dìde, ó ní, “Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí òyìnbó sọ. Ó ní bí kì í bá ṣe bàbá yìí, òkúta ni ọwọ́ tí mo fi ń hun aṣọ yìí ì bá máa fọ́. Ó ní àwọn ọmọ mi wọ̀nyí ì bá má sí. Ó ní bàbá mi Súlè ì bá gbé irọ́ kan lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ rẹ̀, ó sì bá mi ṣeré títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí òyìnbó sọ nìyẹn.” Ibi tó ti dé sàréè ni ohùn rẹ̀ ti já, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ajẹ́lẹ̀ tẹ̀ sí mi. Ó ní, “Kí ló wí?”

Mo tún fìlà funfun náà ṣe lórí. Mo gbé e lọ bó ṣe wà, gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí èmi ló dá lé. Mo sunkún nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Làmídì náà ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́, nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, mi ò fi nǹkan kan kún un.